Apẹ̀rẹ̀ Obì Tí Kò Ní Àmì

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Simawa, ìyá oníṣòwò obì kan jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú olùkọ́ yunifásítì tó bá a ṣe ẹ̀rọ tó ń wo ooru ilé obì rẹ̀.

"Àlájà, ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́. Ìwé orí kọ̀ǹpútà tí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà fi ń mọ ohun tó wà lára ẹ̀ ni mo kọ́ńpáìlì, tí mo sọ di èdè ẹ̀rọ, láì pa orúkọ àwọn ojú ìsopọ̀ mọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo wá fi ìwé kékeré ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru lé e lórí, kò mọ ibi tó máa lẹ̀ mọ́, ni ẹ̀rọ ò bá rí ooru kankan kà."

"Ẹ pa àmì gbogbo apẹ̀rẹ̀ rẹ́, ẹ wá ní kí alábàárù da obì sínú tèmi. Èwo ni tèmi?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, mà."

"Alábàárù tí ò kàwé ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Òdo ni ẹ̀rọ yín ń kọ, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ilé obì tutù. Òdo! Nínú ooru Ṣàgámù yìí!"

Òógùn ti bo èmi gan-an lójú níbi tí mo jókòó.

"Mo ti tún un ṣe, Àlájà. Gbogbo orúkọ ti wà níbẹ̀ báyìí."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Obì mi tó ti jẹrà ńkọ́, orúkọ wo lẹ sọ ọ́?"