Mo Ní "Ó Pé", Kò sì Pé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Festac níbí ni mò ń gbé. Láti ìgbà ìjọba ológun ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, àmọ́ wọ́n fẹ́ fi orúkọ ọ̀gá mi sọ òpópónà kan ládùúgbò wa, ìjà sì ti dé.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ ni ọ̀gá mi. Òun ló kọ́kọ́ la àyà èèyàn ní ọsibítù wa, tẹ́ni náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Àwọn kan ní ẹni iyì ni. Àwọn kan ní dókítà àwọn ṣọ́jà ni, pé wọ́n ní kó pa ẹlẹ́wọ̀n kan, ó sì pa á.

Kò pa á. Èmi ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹlẹ́wọ̀n yẹn wá fún iṣẹ́-abẹ ikùn, ṣọ́jà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà tíátà, ó ń jágbe pé ká ṣe kíá. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka àwọn aṣọ kéékèèké tá a fi ń nu ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀gá tó rán ikùn pa. Bí ẹyọ kan bá dín, inú aláìsàn ló wà. Mo kà á. Ẹyọ kan dín. Ọ̀gá ní, "Sístà, ṣé ó pé?" Ẹ̀rù ṣọ́jà yẹn bà mí. Mo ní, "Ó pé, sà." Ó tún bi mí. Mo ní ó pé.

Ọkùnrin náà kú kí oṣù tó parí. Wọ́n di ẹ̀bi ru ọ̀gá mi, mo panu mọ́. Títí ọ̀gá fi kú, kò bi mí ní nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló máa ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, orí mi ò dàrú. Èmi tí mo ti wẹ òkú bí ẹni fọ abọ́, mi ò kì í bẹ̀rù iwin. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ka ẹyin tí mo rà ní Apple Junction, ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Sístà, ṣé ó pé?" Mo yíjú, kò sẹ́nì kan. Ta ló tún ń pè mí ní Sístà? Mọ́mì ni gbogbo ayé ń pè mí báyìí.

Ọmọbìnrin ọ̀gá mi wá láti Raji Rasaki Estate lánàá, pé kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ Sátidé lórí orúkọ òpópónà yẹn. Mo kọ ọ́ pé èèyàn dáadáa ni bàbá rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré. Ó kà á tán. Ó ní, "Mọ́mì, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Àmọ́ ṣé ó pé?"

Mo ní, "Ó pé, ọmọ mi."

Láàárọ̀ yìí, mo lọ ká aṣọ lórí okùn. Èmi nìkan ni mò ń gbé ibí, géètì sì wà ní títì. Mẹ́jọ ni mo sá. Mẹ́sàn-án ni mo bá. Ìkẹsàn-án kéré, ó funfun, kò sì tíì gbẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Sátidé ti di ọ̀la. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ yẹn á mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa pe bàbá òun ní apààyàn. Bí mi ò bá sọ ọ́, aṣọ yẹn ṣì wà lórí okùn, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?