Àṣẹ Tí Mo Gbà Lẹ́nu Èrò

Ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí: ta ni èèyàn lè rán sí ọ̀rẹ́ tí kò bá a jà, tí kò sì bá a rẹ́? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ru ẹrù yìí kiri. Bí mo bá rántí ìdí ọ̀rọ̀ náà, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni àyà mi á já, torí adùn yẹn gan-an ló tì mí ṣubú.

Nígbà Ehuzu ni, ìyẹn ìjọba àyípadà àwọn ológun, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì. Kọlẹ́ẹ̀jì ni èmi àti Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi wà ní Kétu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu mú kásẹ́ẹ̀tì kan wálé, ráàpù àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. A ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ohun kan yé wa: ẹnì kan á pè, ogunlọ́gọ̀ á dáhùn, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ẹ̀gbọ́n yìí ní wọ́n máa ń bú ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Háà! Ṣé ìpè àti ìdáhùn ni wọ́n máa wá kọ́ ará Kétu? Nílé ìwé, olùkọ́ á ké "Ehuzu!" láràárọ̀, a ó ní "Dandan!" Níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ á ṣàdúrà, gbogbo ìlú á ní "Àṣẹ!" Àwa kàn fi Nàgó, èdè wa, sórí ìlù wọn ni. Èmi ń pè, Àbẹ̀ní olóhùn iyọ̀ ń gbè é, kí èrò tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe é ní ilé àwọn ọ̀dọ́, àwọn àgbà pàápàá dìde lórí àga. Mo sọ̀rọ̀, odindi ilé dá mi lóhùn! Ẹni tí kò bá di mikiró agbóhùnsókè mú rí kò lè mọ bó ṣe ń pa ni bí ọtí.

Ni fẹ́ẹ̀tì, àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́, bá dé, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Èrò ti abúlé Kpankou wá, wọ́n ti Okpomèta wá, kẹ̀kẹ́ kún ẹ̀bá ọ̀nà. Àbẹ̀ní ò wá. Ẹgbẹ́ kan ní Pobè ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wọn kọrin lọ́jọ́ kejì, ó sì ti lọ bá wọn. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́. Inú bí mi gan-an. Mo gun pèpéle, mo pè, wọ́n dáhùn. Mo tún pè, ilẹ̀ ń mì tìtì. Orí mi wú. Mo rántí èébú inú kásẹ́ẹ̀tì, ni mo bá ké pé, "Àbẹ̀ní tó já wa sílẹ̀, kí ohùn rẹ̀ há!"

"Àṣẹ!"

Kí ni kí wọ́n ṣe? Ará Kétu kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ní Pobè, Àbẹ̀ní la ẹnu, ohùn ò jáde. Ṣé àṣẹ yẹn ló mú un, àbí ẹ̀rù ló bà á, torí wọ́n ti ròyìn fún un? Títí dòní n ò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ wá sílé wa. Ariwo ni mo ń retí. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ẹnu tìẹ nìkan ló dì í. Bá mi kó gbogbo àwọn tó dáhùn padà wá, kí wọ́n tú u."

Mo gba kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń lọ láti abúlé dé abúlé, mo ń kúnlẹ̀ lójúlé dé ojúlé. Déléègé, aṣojú ìjọba ní ìlú wa, pè mí, ó bi mí bóyá ìpàdé òṣèlú ni mo ń kó èèyàn jọ sí. Mo ní rárá o, ẹnu ni mo ń kó jọ. Ó ní òun náà dáhùn lọ́jọ́ náà, òun á wá.

Wọ́n wá! Wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo pè pé, kí ohùn Àbẹ̀ní là. Àṣẹ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, Àbẹ̀ní wúkọ́, ó sì dá orin. Gbogbo ibẹ̀ dàrú! Mo ń sunkún, mo ń jó, mo gbé mikiró lé e lọ́wọ́. Ìgbà náà ni èrò dákẹ́, torí ó ti kan Àbẹ̀ní láti pè, ohunkóhun tó bá sì sọ sí mi, wọ́n ti ṣetán láti dáhùn. Ó wò mí títí.

Ó ní, "N ò ní pe orúkọ rẹ̀." Ó sì gbé mikiró sílẹ̀.

Àánú ló ṣe fún mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ náà. A ti bímọ, a ti ń gbọ́mọ ọmọ pọ̀n. Bí a bá pàdé lọ́nà, á ní "ẹ ǹlẹ́ o" bí ẹni ń kí àlejò, á sì kọjá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá mikiró mú lónìí, ẹ rọra o: èrò kì í bi yín ní ohun tó wà nínú yín kí wọ́n tó ṣe àṣẹ. Ẹ̀yin àgbà ni mo sì ń bẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́ kó pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n dá a lóhùn?