Fíìmù Súwídìn Tí Wọ́n Mú Mọ́mì Lọ Wò

Ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, nínú bọ́ọ̀sì kan ní Etobicoke, lókè òkun níbí, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìyá rẹ̀ lọ wo fíìmù Súwídìn kan, nípa ọmọge tó kó kúrò nílé, bi í pé:

“Mọ́mì, ẹ sunkún. Ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn yé yín?”

“Ìyá rẹ̀ ni mo sunkún fún. Ọmọ ń pè é lórúkọ, ìyá náà sì ń bá a di ẹrù.”

“Èmi náà ti rí ilé kọ́ńdò kan tí màá kó lọ.”

“Mo ti mọ̀ látìgbà tí o ti ra gúgúrú fún mi. Ṣé wàá máa pè mí lórúkọ níbẹ̀?”

Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí tí mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù kan náà fún màmá tèmi, torí mi ò lè fẹnu sọ pé mo fẹ́ dá gbé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká ṣì lọ, àbí kí n sọ ọ́ nílé?