Wọ́n Kí Mi, Mi Ò Dáhùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí jù. Àárín ìlú Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo sì gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni èrò ń kọjá níwájú mi, ẹni tó ń lọ sọ́jà àti ẹni tó ń darí bọ̀. Kò sí ẹni tó ń kí mi. Ní Ọ̀yọ́ níbí, tí wọ́n ti ń kí ẹni tó jókòó, tí wọ́n ń kí ẹni tó dúró, tí wọ́n ń kí ẹni tó ń jẹun, èmi nìkan ni wọ́n ń kọjá lára bí ẹni kọjá lára ògiri. Ẹ má bínú sí wọn o, wọn kì í ṣe ọ̀tá mi. Wọ́n mọ̀ pé adití ni mí, wọ́n sì rò pé kí ni àwọn fẹ́ fi ìkíni ṣòfò lé lórí. Ta ló máa bá mi sọ fún wọn pé ojú mi kò fọ́?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ọ̀yọ́. Awakọ̀ ni ọkọ mi. Ọlọ́run kò fi ọmọ ta wá lọ́rẹ, ọkọ mi sì ti kú kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ mi ò kúrò nílé wọn. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní ìjọ Aládùúrà tí mò ń lọ, níbi tí mo ti jẹ́ olórí àwọn akọrin obìnrin. Mo tún ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ìyá Ràfátù, tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Mùsùlùmí ni ìyá yìí, ata gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Akẹ̀sán. Bí mo bá ń pe Jésù ní yàrá tèmi, àwọn náà á máa kírun ní yàrá tiwọn, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wa láìsí ìjà.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń ké nítorí SÁÀPÙ, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, tí oògùn pàápàá gbówó lórí, ibà dá mi wólẹ̀ débi pé àbúrò mi wá gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì dá mi dúró sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Nígbà tí ara mi fi máa balẹ̀, etí òsì ti di, ti ọ̀tún sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́. Dókítà ní ibà ló bà á jẹ́, pé èyí tó kù náà lè lọ. Bí mo ṣe padà sí Ọ̀yọ́, ilé àdúrà ni mo gbà lọ. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n fi omi àdúrà bọ́ mi lójú, wòlíì wa sì ríran pé kí ìkórè ìjọ tó dé, etí mi yóò là. Wọ́n wá fi ẹnu kan etí mi tó kù, wọ́n ní, “Arábìnrin, má fi ẹnu ara rẹ pe ara rẹ ní adití o. Ohun tí o bá fi ẹnu rẹ sọ ni ọ̀tá máa gbà mú.” Mo ní àmín. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é.

Etí kejì lọ kí ìkórè tó dé. Ìkórè dé, ó kọjá, mo pa ẹnu mọ́, nítorí mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ síta, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ìyanu mi jẹ́. Àwọn oníbàárà á dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, èmi á tẹjú mọ́ aṣọ, ẹsẹ̀ mi á máa wa máṣíìnì. Wọ́n á kí títí, wọ́n á bínú lọ. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń wá. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù, pé opó tí kò lọ́mọ, kí ló fi ń ṣe fújà? Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo ti ń wo ẹnu wọn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú ìjọ ńkọ́? Lọ́jọ́ ìsinmi kan mo gbé orin, mo dijú nítorí orin náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí màá fi lajú, gbogbo ìjọ ti jókòó, wòlíì ti ṣí Bíbélì, èmi nìkan ni mo dúró tí mo ń kọrin, àwọn ọmọdé sì ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo bọ́ sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, mi ò padà síwájú mọ́. Wọ́n ní mo bínú fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi bá mi dákẹ́ lóòótọ́.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. A kì í wọ bàtà nínú ilé àdúrà wa. Níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn yẹn, mo rí i pé bí ìjọ bá ń jó, ijó náà ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé, ó ń gba inú bẹ́ńṣì wọ egungun mi. Mi ò gbọ́ orin, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí inú wọn dùn. Ìyẹn ni mo fi ń lọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí mo ń jókòó, tí mo ń dá sunkún, tí mo ń dá dúpẹ́.

Ìyá Ràfátù ló bínú sí mi jù, ó sì yẹ kí wọ́n bínú. Ìyàwó wo ni ẹ̀gbọ́n ọkọ máa pè tí kò ní jẹ́? Wọ́n á pè mí láti ìsàlẹ̀, mi ò ní dáhùn. Wọ́n á gba ẹ̀yìn mi kọjá, mi ò ní kúnlẹ̀. Wọ́n gbé e mì títí ó fi pọ̀ jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gun òkè wá bá mi ní yàrá. Mo kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, mò ń ká sùtánà funfun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé gbogbo ohun tó wà ní ikùn àwọn ni àwọn tú jáde lọ́jọ́ náà, pé àwọn bú mi, mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ni wọ́n bá fi ìbínú fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ilẹ̀ pákó ni ilẹ̀ yàrá mi. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n, mo yíjú, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, Ìyá mi. Ẹ ti dé láti ọjà?”

Wọ́n ń wò mí. Wọ́n fọwọ́ yí mi kọjú sí ògiri, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní àwọn pàtẹ́wọ́, àwọn pariwo orúkọ mi, mi ò mira. Wọ́n tún fẹsẹ̀ janlẹ̀, mo yíjú. Omi ti kún ojú wọn. Wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀ kí n lè rí ẹnu wọn: “Ìyàwó mi, láti ìgbà wo?”

Mi ò lè parọ́ fún ojú yẹn. Mo fi ẹnu ara mi sọ pé, “Mi ò gbọ́ràn mọ́, Ìyá mi.” Àjà ò wó lù mí. Wọ́n gbá mi mọ́ra, tòórùn-tòórùn ata, a jọ sunkún, lẹ́yìn náà a jọ ń sín.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í wọ yàrá mi láìfẹsẹ̀ gbá pákó. Wọ́n lọ káàkiri àdúgbò, wọ́n ń sọ pé kì í ṣe ìgbéraga, etí ni. Àwọn ènìyàn wá bẹ̀ mí. Wòlíì wa náà wá, mo ní kí wọ́n má dààmú nítorí ìran wọn, àdúrà ṣì ń lọ. Mo gbà pé Ọlọ́run lè ṣí etí mi lọ́la. Bí kò bá ṣí i, òun náà ni Ọlọ́run mi, kò sì ní kí n máa parọ́ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n àánú àwọn ènìyàn kò pẹ́ rárá. Àwọn tó ń kí mi tẹ́lẹ̀ tí mi ò dáhùn, wọn ò kí mi mọ́. Ẹsẹ̀ wá ń dun Ìyá Ràfátù, ọmọ wọn mú wọn lọ sí Ìkòyí-Ilé, kò sí ẹni tó ń gbá pákó mi mọ́. Àbúrò mi ní kí n kẹ́rù bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí ni mo tún ń dúró ṣe?

Ṣé kí n lọ? Ẹ bá mi rò ó. Ní àràárọ̀, mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń fẹsẹ̀ gbá pákó fúnra mi, kí n tó kọ orin ìyìn. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn mi ṣì dùn, Ọlọ́run ló ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà màá sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sídìí máṣíìnì, èmi ni màá sì máa kí àwọn tó ń kọjá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá kí ènìyàn tí kò dáhùn, ẹ má tíì bínú. Ẹ yí lọ síwájú rẹ̀, kí ẹ tún un kí. Bí ẹ bá sì ń gba ọ̀nà Akẹ̀sán kọjá, tí ẹ rí obìnrin kan tó ń rán aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níwájú mi, kí ẹ kí mi. Mi ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n màá dáhùn.