Owó Ojú Ìyá Mi Ni Mo Fi San Án

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìyá mi wà ní yàrá kejì nílé wa ní Ìbà, ó ń fọwọ́ tá ògiri wá ẹnu ọ̀nà. Awọ funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyinjú rẹ̀ tán. Owó iṣẹ́ abẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mo fọwọ́ ara mi pàdánù rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Nígbà tí iye ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òkè òkun ń gòkè, mo fi owó náà rà á lórí fóònù. Àwọn ẹbí olóògbé ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní kí n rà fún àwọn náà. Ẹ wo ibi tí mo ti ṣìṣe: orúkọ mi ni mo fi ra gbogbo rẹ̀, mo sì ṣèlérí bí alájọ, pé ẹni tó bá bèèrè, odindi owó rẹ̀ ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n owó àjọ kì í dínkù nínú àpò alájọ. Ìpín ń dínkù.

Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, mo pe ẹbí jọ ní Òkòkòmáíkò, nílé Bàbá Kúdí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ò tíì bàjẹ́. Àwọn alábòójútó tó ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn tọ́jú owó lókè òkun ló ń tà. Àwọn olówó bẹ̀rù, wọ́n ń gba owó wọn padà. Kí ni alábòójútó máa kọ́kọ́ tà? Èyí tó yá tà jù ni: ìpín ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá jọ tà á pọ̀, iye rẹ̀ á já wálẹ̀. Bó bá já, ẹ̀rù á tún ba àwọn mìíràn, àwọn náà á tún tà. Ẹni tí nǹkan kan ò lé ló lè dúró."

Bàbá Kúdí rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀kọ́ yé mi dáadáa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa rówó gbà. Ìyàwó wa, fún mi ní tèmi."

"Ẹ ṣàánú mi, sà. Owó ojú ìyá mi wà níbẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo fọ́ ìyá rẹ lójú ni? Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bèèrè tiwọn. Bí èmi náà ṣe di alábòójútó tí wọ́n ń lé nìyẹn! Mo tà nígbà tí kò yẹ kí n tà. Ohun tí mo rí kò tó odindi tí mo ṣèlérí, mo bá ta ti ìyá mi kún un. Nígbà tí ìpín náà tún gbéra, kò sí ẹyọ kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹbí tọ́jú owó, ẹ má ṣèlérí odindi lórí ohun tó ń gòkè tó ń sọ̀ o.

Ilẹ̀ kékeré kan ní Ìjanikin ló kù fún mi. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ pẹ́ mọ́. Bàbá Kúdí gbọ́, ó ránṣẹ́ pé òun á rà á ní ìdajì iye rẹ̀. Ó mọ̀ pé mi ò lè dúró. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Ìyá mi ní kí n má tà á, pé òun ti rí ayé tó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: nínú dókítà àti ìyá mi, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?