Òórùn Tí Mo Pè Ní Ti Ọ̀run

Ẹ̀yin ará ilé àdúrà wa ní Odígbó, ẹ fi Ìyá Adébóyè jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí sókè, nítorí òun ni mo ṣẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti wà ní Jọ́ọ̀sì. Àgbà ti dé, n kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ.

Ọdún kejì òmìnira ni. Èmi ni mo ń lu agogo ilé àdúrà. Péjú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ ń pè ní Ìyá Adébóyè lónìí, ló sọ mí ní Ajíṣafẹ́. Ó kúkú mọ̀ mí! Gàzálì ń ta lọ́fínńdà ní ibùdókọ̀ Òrè. Ọ̀kan wà nínú ìgò pélébé: yóò kọ́kọ́ ta nímú bíi kànáfùrù àti ataare, lẹ́yìn náà ni òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là yóò rọra tẹ̀ lé e, tí ara èèyàn yóò móoru. "Ológe, má fi imú mu ún tán o!" ni Gàzálì wí, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí oníbàárà mìíràn. Mo jí i. Mo fi í pamọ́ sórí igi àjà ilé àdúrà, lókè pẹpẹ gan-an. Ẹ ò rí ìwà àìbẹ̀rù!

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ibà dá Ọlọ́runfúnmi, àkọ́bí Péjú, dùbúlẹ̀. Kàmọ́rù awakọ̀ ti dúró síta láti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Òkìtìpupa; àdúrà ráńpẹ́ ni wọ́n ní kí àwọn gbà. Péjú kúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń jó páànù. Ooru ṣí ìdérí ìgò náà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, ẹ̀kán méjì sì bọ́ sórí ọ̀já ọmọ. Wòlíì Fádáre dojú bolẹ̀: "Áńgẹ́lì ti wọlé! Ó ti ta òróró sọ́mọ lára!" Èmi nìkan ni mo wo òkè àjà. Kàmọ́rù ń fọn fèrè. Péjú yọjú sí i: "Kàmọ́rù, máa lọ. Dókítà ti bá wa nílé." Ká ní mo sọ̀rọ̀ ni, wọn ì bá pè mí lólè, bóyá ọmọ ì bá sì yè. Wọ́n ní kí n lu agogo ọpẹ́. Mo lù ú.

Ọmọ náà kú lọ́jọ́ kejì.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, Péjú mú ọ̀já náà wá bá mi. "Ajíṣafẹ́ ọkọ mi, ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò. Ṣé ti ọ̀run kọ́?" Mo gbé e sí imú. Mo ní, "Ti ọ̀run ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó kọ́kọ́ rín látìgbà tọ́mọ ti lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọkọ̀ ní Òrè, n kò padà mọ́.

Ìyá Adébóyè, wọ́n ní ọ̀já náà ṣì wà nínú àpótí yín. N kò ní ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ti ọ̀run. Ti Gàzálì ni, èmi ni mo jí i. Ẹ foríjì mí.