Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. N kò ní adájọ́ sínú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ọ̀ràn yìí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ajah. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ géètì ẹ̀sítéètì kan, géètì tí kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń pè ní sáfà ń ṣí tó sì ń tì. Tẹ́lẹ̀, àwa fúnra wa la máa ń ṣe ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ti tuntun yìí, ọ̀nà náà ti wà nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Àkọsílẹ̀ kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà ẹni ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a parí, ọ̀gá mi ní, "Yọ kọ́kọ́rọ́ tìẹ o. Tèmi nìkan ni kó kù."

"Mo ti yọ ọ́, sà."

Irọ́ ni. Ọ̀lẹ ló ṣe mí. N kò fẹ́ máa ti Addo tí mò ń gbé wá ní gbogbo ìgbà tí géètì bá yọnu. Ọ̀gá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tèmi kì í bèèrè páswọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ kan mo fi ṣe fáàrí lójú Kúnlé ọ̀rẹ́ mi, mo ṣí géètì láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Guy, ṣí i fún wa ní Friday, ká wọlé kó ẹrù," ni Kúnlé wí. "Baba sẹ́kúríítì máa wà ní Jímọ̀. Nobody go know."

"Ẹnikẹ́ni ò ní fara pa?"

"Ta ló fẹ́ fara pa nínú ilé tó ṣófo?"

Bàbá Gàní ni sẹ́kúríítì náà. Kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Bó bá lọ, sáfà ló ń bá a ṣọ́ géètì. Bí mo bá wá ṣiṣẹ́, á fún mi ní àga rẹ̀, á máa ṣàdúrà fún ìyá mi tí kò rí rí.

Friday yẹn, orúnkún ń dùn ún, kò lọ. N kò mọ̀, mo ṣí géètì. Kò pẹ́, fóònù mi dún.

"Ọmọ mi, géètì ṣí fúnra rẹ̀ o. Ọkọ̀ tí n ò mọ̀ ń bọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi tì í."

Ọwọ́ mi wà lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà àṣẹ kan péré ni ǹ bá tẹ̀ kí géètì tì. Mo bẹ̀rù Kúnlé, ojú sì ń tì mí láti jẹ́wọ́.

"Bàbá, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ẹ dúró díẹ̀."

"Kò burú, mo ń dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Sáfà ti kọ kọ́kọ́rọ́ tó wọlé sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi dé ilé mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ kó ọwọ́ yín kúrò nínú ilé onílé. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, tí ẹnìkan wá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kí ojú tì yín. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Èmi sá fún un, mo sì pa Bàbá Gàní.